Ọjọ́ Tí Tíṣà Fàsásì Lọ Ná Dìgírì

Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Tíṣà Fàsásì n'Ísẹ́yìn, ọjọ́ tó lọ ná ọjà ní yunifásítì ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Kì í ṣe pé ó lọ ra nǹkan o. Dìgírì kejì ló lọ ná.

Ọdún 1984 ni. Ahunṣọ ni Fàsásì, ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ló fi parí ìwé, òun náà ló fi di tíṣà, tó fi gba dìgírì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó ti lé láàádọ́ta ọdún. Nígbà tó fẹ́ ṣe ìkejì, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àgbà ní yunifásítì kọ̀wé sí i: ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́, kó kó ẹ̀rí rẹ̀ wá, bó bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, àwọn á kà á mọ́ yúnìtì tó yẹ kó jókòó kọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó fáìlì. Fàsásì ní tiẹ̀ ká aṣọ, ó gbé e ru ìyàwó rẹ̀, Àsíátù.

"Bàbá Mọ́nsúrù, ìwé ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kó wá o."

"Ìyá Mọ́nsúrù, ìwé a máa purọ́. Ṣé o ti rí òfì tó purọ́ rí?"

Nílé bàbá Fàsásì, aṣọ kì í kúrò lórí òfì kí wọ́n má gé ìwọ̀n ìka mẹ́rin pamọ́ lára rẹ̀, torí bó pẹ́ bó yá, ẹbí ẹni tó ra aṣọ á padà wá bèèrè irú ẹ̀. Ogójì ọdún ni Fàsásì fi ń gé e, tó ń rán an pọ̀. Nígbà tí òun àti Àsíátù dé yunifásítì, wọ́n tẹ́ ẹ láti orí tábìlì Dókítà Cornelius, olórí ẹ̀ka náà. Aṣọ náà gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó kọjá níwájú ọ́fíìsì akọ̀wé, ó dé orí àtẹ̀gùn. Akọ̀wé fẹ́ kọjá, Àsíátù figbe ta.

"Rọra o! Sányán ìyàwó ará Komu lo fẹ́ fi bàtà tẹ̀ yẹn!"

Bí Àsíátù ti ń pariwo, ojú rẹ̀ ń wá àlàárì tí Fàsásì hun fún ìgbéyàwó tòun. Ó wá a títí, kò rí i. Ó dùn ún.

Dókítà tẹ̀ lé aṣọ lọ, ó tẹ̀ lé e bọ̀. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Yúnìtì mẹ́fà."

"Méjìdínlógún," ni Fàsásì wí.

"Bàbá, a kì í fún ẹnikẹ́ni ju méjìlá lọ. Ẹ gba mẹ́fà."

Fàsásì bá ń ká aṣọ rẹ̀. "Ó dàárọ̀ o." Àsíátù mọ ọgbọ́n yẹn. Bó ṣe ń ṣe fún àwọn tó ń ta òwú nìyẹn. Kì í gbé ẹsẹ̀ kẹta tí wọ́n á fi pè é padà. Fàsásì rọra ń lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó pè é. Ó dé àtẹ̀gùn, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń so okùn bàtà, bẹ́ẹ̀ sálúbàtà ló wọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Àsíátù. Òun fúnra rẹ̀ ló kígbe: "Bàbá Mọ́nsúrù, ẹ padà o!"

Fàsásì yíjú kíá. "Ẹ̀hẹ́n! Wọ́n ń pè mí."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún aṣọ náà tú, ó fìka lé ibì kan lára rẹ̀. "Bàbá, èyí wọ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi mú un wá?"

Fàsásì fọwọ́ pa ibẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ tí bàbá mi kú ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Wọ́n yọ mí nílé ìwé, mo jókòó sídìí òfì, kí àwọn àbúrò mi mẹ́ta lè kàwé. Aṣọ àkọ́kọ́ tí mo dá hun nìyẹn. Ẹni tó ni ín kò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ẹ kà á mọ́ ọn. Bí ẹ bá ní àwọn ọdún yẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́, a jẹ́ pé ayé mi ni mo fi ṣòfò."

Dókítà mú bírò. Méjìlá ló kọ.

"Ènì ńkọ́?" ni Fàsásì bi í.

Ó gba dìgírì náà lọ́dún 1986, kò wá sẹ́ni tó gbádùn mọ́ nílé. Gbogbo nǹkan ló ń fún ní yúnìtì. Ọbẹ̀ ilá, mẹ́ta. Àmúsà tó ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí, méjì, torí ó máa ń pẹ́. Àsíátù, tó jẹ́ pé Fàsásì náà ló kọ́ ọ ní á-bí-dí, bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ọdún mẹ́rìndínlógójì tí mo fi ń fara dà yín ńkọ́?"

"Ó di kí n rí ẹ̀rí ná."

Ó kú ní wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́dún kejì. Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Àsíátù ṣí fáìlì tí ìwé ẹ̀rí dìgírì wà. Àlàárì ìka mẹ́rin bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìwé kékeré kan wà lára rẹ̀, ó sì kà á fúnra rẹ̀:

"Ìyá Mọ́nsúrù, mi ò gbé èyí dé ọ̀dọ̀ wọn, torí kì í ṣe ohun tí à ń ná. Mo ti rí ẹ̀rí. Yúnìtì rẹ pé."

Àsíátù fi aṣọ náà nu ojú. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó kọjú sí àga tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí.

"Bàbá Mọ́nsúrù," ó ní, "ènì mi dà?"