Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Kò Lámì

Kò sí àìsàn kankan lára Bùsàrí, àfi ìrònú. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò ru, ojú ẹ̀ ń ríran, eyín ẹ̀ pé lẹ́nu lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé ẹ ń bọ̀ ní aago méjì. Bí aago méjì bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, á ti sin yín, á ti pín ogún yín, á sì ti máa wá ẹni tó máa tọ́ àwọn ọmọ yín. Bó bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Benson n'Ìkòròdú, tó rìn dé ìdí ọkọ̀, á padà lọ wò ó bóyá lóòótọ́ ló tì í. Ó tì í. Á tún rìn dé ìdí ọkọ̀, á tún padà. Mardiyah ìyàwó ẹ̀ ní òun ò mọ̀ pé ọkọ méjì lòun ń bá bọ̀ láti Ìwó, Bùsàrí àti ìrònú ẹ̀, àti pé ìrònú yẹn ló le jù nínú àwọn méjèèjì.

Fáànù ló ń tún ṣe. Bí fáànù bá jó, á tú wáyà bàbà inú ẹ̀ dànù, á fọwọ́ wé tuntun. Ojú mẹ́rin tí wọ́n ń wé wáyà sí ló wà níbẹ̀, irínwó ìyípo lojú kọ̀ọ̀kan sì ń gbà. Kíkà ni wọ́n ń kà á. Bó bá dín, fáànù á tún jó. Bó bá lé, kò ní fẹ́ dáadáa. Bùsàrí á kà á dé àádọ́jọ, á wá rántí bóyá òun pa sítóòfù kóun tó kúrò nílé, iye tó kà á dé á sì fò lọ lórí ẹ̀. Á tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti ení. Fáànù tí ẹlòmíì ń parí kílẹ̀ tó ṣú, ọjọ́ mẹ́ta ni tiẹ̀. Ó ti sú àwọn oníbàárà ẹ̀, ó ti sú ìyàwó ẹ̀, ká má parọ́, ó ti sú òun gan-an alára.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Sọ̀fíyàt, tó fẹ́ Ìdrís kápẹ́ńtà, tí wọ́n jọ ń gbé l'Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí Sọ̀fíyàt lóyún àkọ́kọ́, ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá ẹ̀ ń pè é tó ìgbà méjìdínlógún lójúmọ́. Ṣé ó ti jẹun? Kí ló jẹ? Ṣé ẹja ọ̀hún jinná? Kí ló dé tí ohùn ẹ̀ rí báyẹn? Oyún náà bàjẹ́ ní oṣù karùn-ún. Dókítà ò sọ pé Bùsàrí ló fà á, kò sì sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Sọ̀fíyàt ò gbàgbé pé bóun ti ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣe ni fóònù ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, tó ń dún, tó ń dún, tó sì jẹ́ pé bàbá òun ni.

Nígbà tí èkejì dé, tó kù díẹ̀ kó bí, ó wá sí Ìkòròdú, ó sì pe bàbá ẹ̀ jókòó.

"Bàbá mi, ẹ fetí sílẹ̀. Màámi á tẹ̀ lé mi lọ. Ẹ̀yin, ẹ dúró síbí. Ẹ ò gbọdọ̀ pè, ẹ ò gbọdọ̀ wá. Bó bá yá, Ìdrís á tẹ nǹkan ránṣẹ́ sí yín. Bẹ́ ẹ bá lè jókòó jẹ́ẹ́ títí a ó fi pè yín, ẹ̀yin lẹ máa pe ìrun sí ọmọ yìí létí. Bẹ́ ẹ bá pè lẹ́ẹ̀kan péré, bàbá Ìdrís ló máa ṣe é."

Ìpè ìrun yẹn lohùn àkọ́kọ́ tí ọmọ Mùsùlùmí ń gbọ́ láyé. Bùsàrí ti ń fi kọ́ra nínú balùwẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti sọ fún un pé oyún ti dúró. Ó ní òun gbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, bí Bùsàrí ti ń wé wáyà lọ́wọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ Ìdrís wọlé. Bí gbogbo wa ti ń tẹ̀ ẹ́ náà ló tẹ̀ ẹ́, láìsí àmì lókè, láìsí àmì nísàlẹ̀:

"A ti de osibitu. Dokita ti de, noosi ti de, gbogbo nnkan ti pe. Omo lo ku."

Ọmọ ló kú. Ohun tí Bùsàrí kà nìyẹn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ náà sì kú lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ta ló ń túfọ̀ báyẹn? Wọ́n á ka dókítà, wọ́n á ka nọ́ọ̀sì, wọ́n á wá ka òkú mọ́ ọn bí ẹni ń ka ẹrù? Ọmọ iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Kò tiẹ̀ pe ẹnikẹ́ni láti bèèrè, kì í sì í ṣe torí àdéhùn. Ó ń bẹ̀rù pé bóun bá lè fi etí ara òun gbọ́ ọ pẹ́nrẹ́n, ó ti di òótọ́ nìyẹn.

Ó ju wáyà sílẹ̀, ó bọ́ sójú títì. Bùsàrí tó ń padà wo kọ́kọ́rọ́ lójoojúmọ́ ayé fi ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu, ó gun ọ̀kadà lọ sí gáréèjì Ìkòròdú, ó sì jókòó sínú ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Nínú ọkàn ẹ̀, ó ti débẹ̀, ó ti rí Sọ̀fíyàt, Sọ̀fíyàt sì ti yí ojú kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ọkọ̀ ò tíì kún. Àbúdù, bàbá onírùngbọ̀n funfun kan tó máa ń pe èrò níbẹ̀, dúró ti ilẹ̀kùn, ó ń lu ara ọkọ̀.

"Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀pẹ́ tààrà. Ẹni méjì ló kù. Ẹni méjì ló kù o."

Bùsàrí gbórí sókè. "Ta ló kú?"

Àbúdù wò ó. "Bàbá, kò sẹ́ni tó kú. Àyè ẹni méjì ló kù, ká gbéra. Kí lẹ ń fi ikú ṣe láàárọ̀ yìí?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Bùsàrí ò rẹ́rìn-ín. Ó fa fóònù yọ, ó sì rọra kà á. Dókítà ti dé. Nọ́ọ̀sì ti dé. Gbogbo nǹkan ti pé. Ọmọ ló kù. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní gáréèjì látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn. Ìdrís ò fi àmì kankan sí i. Òun Bùsàrí ló fi àmì sí i, ti òkú ló sì mú.

Inú bí i. Kì í ṣe sí Ìdrís, sí ara ẹ̀ ni. Bó ti ń bínú lọ́wọ́ náà ni ìrònú tún yọ́ bá a: bó bá wá jẹ́ pé ó kú lóòótọ́ ńkọ́? Ọmọ tó ti sọnù lẹ́ẹ̀kan, ta ló lè búra? Kò séyìí tó lè fi fóònù yẹn jẹ́rìí. Bó bá sì lọ, tó bá wọ ọsibítù yẹn pẹ̀lú ẹkún lójú, ìpè ìrun ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ẹni kan ló kù," Àbúdù ń wí.

Bó bá kú, ó ti kú, Bùsàrí wí nínú ara ẹ̀. Bó bá kù, ó kù. Kò séyìí tí ìrònú mi máa yí padà nínú méjèèjì. Ó ti ń ro ìrònú bọ̀ láti kékeré, kò sì rántí ohun kan báyìí tó tíì fi tún ṣe. Ó dìde, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun sọ̀kalẹ̀.

Àbúdù pòṣé. "Ó tún di ẹni méjì nìyẹn. Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ ò ṣeé bá rìn."

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, olè ò wọbẹ̀. Ewúrẹ́ kan ló wà nídìí tábìlì, ó ń jẹ páálí fáànù. Bùsàrí lé e jáde, ó tú wáyà àárọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ení.

Kò dùn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Òógùn bò ó, ìdí ẹ̀ ò gbé ìjókòó. Ní ogójì, ìrònú dé, ó ní ẹ̀jẹ̀ Sọ̀fíyàt ti ru. Tẹ́lẹ̀, ì bá ti tẹ̀ lé e lọ, tàbí kó máa bá a jiyàn. Lọ́tẹ̀ yìí ó kàn sọ ọ́ síta pé, "Mọ́kànlélógójì." Ó wé e. "Méjìlélógójì." Ní mẹ́tàdínláàádóje, ìrònú tún dé, ó ní kí ló dé tí wọn ò tíì pè. "Méjìdínláàádóje," Bùsàrí wí, bí ẹni ń dá ọmọ aláìgbọràn lóhùn. Ó pé irínwó. Ó bọ́ sí ojú kejì. Ó kí ìrun Àìlà, ó padà sídìí iṣẹ́. Ní ojú kẹta, ìrònú ò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Ní ojú kẹrin, wáyà nìkan ló kù.

Ìgbà tó so ẹnu wáyà tán ló gbọ́ pé nǹkan ń kùn lábẹ́ àkísà. Fóònù ẹ̀ ni. Mardiyah ti pè é lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

"Bàbá Sọ̀fíyàt," Mardiyah ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún, "kí ló ṣe yín? Mo pè títí, ẹ ò gbé e. Mo ti ní bóyá ọkọ̀ ló gbá yín. Mo ti ní kí Ìdrís máa bọ̀ ní Ìkòròdú wá wò yín."

"Mo ń ka wáyà ni," Bùsàrí dáhùn.

"Ẹ ń ka kí ni?"

"Wáyà. Ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé."

Ọgbọ̀n ọdún ni Mardiyah ti ń bá ọkùnrin yìí gbé, kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Bùsàrí gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun lẹ́yìn ohùn ẹ̀.

"Obìnrin ni," Mardiyah wí. "Ara ìyá ẹ̀ le. Bàbá Ìdrís ti na ọwọ́ láti gbà á, Sọ̀fíyàt ní rárá, pé bàbá òun ò pè látàárọ̀, àdéhùn sì ni àdéhùn. Gbogbo wa ti pé síbí. Ẹ̀yin ló kù."

Bùsàrí ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó rìn lọ sí ìdí ọkọ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ kó tó rántí pé òun ò padà lọ wò ó bóyá òun tì í. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọkọ̀.