Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Fọ Inú Ẹ́ńjìnì

Òórùn ọṣẹ àti ọ́ìlì mọ́tò ló pa mí lẹ́rìn-ín lójú títì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì kan ní Ìkàrẹ́, ẹnì kan da omi ọṣẹ sórí ẹ́ńjìnì, òórùn náà gba gbogbo àyíká. Mo dúró, mo ń rẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn ń wò mí bóyá orí mi pé. Orí mi pé o, ẹ̀yin ọmọ òní! Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín.

Nígbà yẹn, àwa àti àwọn ará Èkìtì ṣì jọ wà nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà. Agbo ilé wa ní Ìkàrẹ́ wà lẹ́bàá àpáta pẹrẹsẹ kan tí àwọn obìnrin máa ń sá gbodo lé. Bàbá mi ti wa lọ́rí títí ó fi sú u, ó wá ra mọ́tò aláwọ̀ ewé kan tó ti gbó kó tó dọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ pé ó gbó létí rẹ̀ o! Kò jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kàn án. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ tú mọ́tò òun, kó kọ́kọ́ tú òun fúnra òun.

Ìlérí kan wà láàárín òun àti àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Rábì. Láti kékeré ló ti ń sọ fún un pé, "Mọ́tò tèmi ni n ó fi gbé ọ lọ sílé ọkọ." Ọkọ dé lóòótọ́, ọmọ Ọ̀kà. Nígbà tí yìgì ku ọ̀la ni Bàbá wo ẹ́ńjìnì, tó rí i pé bẹ́líìtì táímìnì ti ń là, ó fẹ́ já. Bẹ́líìtì dúdú eléyín ni, òun ló so kẹ̀kẹ́ eléyín tó wà lókè ẹ́ńjìnì mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀, kí méjèèjì lè máa yí pọ̀. Bó bá já lórí òkè Ọ̀kà, ẹ́ńjìnì bàjẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá sì fi tuntun sí i tí wọn ò fi sí ojú ibi tó yẹ, ó tún lè bàjẹ́.

Màmá mi ní ká kúkú háyà mọ́tò. Ojú Àǹtí Rábì rẹ̀ wálẹ̀. Bàbá ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ó wá bẹ́líìtì tuntun, ó tú iwájú ẹ́ńjìnì sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí kẹ̀kẹ́ méjèèjì kó lè mọ bí wọ́n ṣe wà, kó tó bọ́ bẹ́líìtì tó gbó kúrò. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì, ó ṣe àlùwàlá, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Ẹ wá wò ó, nínú ilé tiwa, ohunkóhun tó bá máa gbé ìyàwó jáde, ìyá àgbà ilé ló ń fọ̀ ọ́. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, gbé omi jáde pẹ̀lú ọṣẹ dúdú àti kànhìnkànhìn. Ó fọ ara mọ́tò, ó fọ táyà, ó wá rí ẹ́ńjìnì tó là sílẹ̀ gbayawu. "Ẹ wo ẹ̀gbin! Ṣé eléyìí lẹ fẹ́ kó gbé ọmọ mi?" Ló bá kọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ń ha á, ó ń yí kẹ̀kẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń fọ ìdí ìkòkò.

Bàbá dé, ó rí ẹ́ńjìnì tó ń dán gbinrin. Àmì ṣọ́ọ̀kì ti bómi lọ. Ó káwọ́ lérí.

"Yéè! Màmá, ẹ pa mí!"

"Ìdọ̀tí ni mo pa, n ò pa ọ́," Ìyá Àgbà fèsì.

Àǹtí Rábì, tòun ti làálì tútù lọ́wọ́, bú sẹ́kún. Ó ní òun ti mọ̀ pé mọ́tò ẹlòmíì ló máa gbé òun lọ. Ẹkún yẹn dun gbogbo wa.

Bàbá tẹjú mọ́ kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni tó fẹ́ bá a jà. Lójijì ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Àmì kékeré kan wà lára irin kẹ̀kẹ́ òkè, àwọn tó ṣe mọ́tò náà ló gbẹ́ ẹ síbẹ̀ láti fi ojú ibi tó yẹ hàn, ọ́ìlì tó ti gan mọ́ ọn ni kò jẹ́ kó rí i rí. Ó wo ìsàlẹ̀, òmíràn wà níbẹ̀, Ìyá Àgbà ti ha òun náà mọ́. Ó yí wọn títí àmì kọ̀ọ̀kan fi bọ́ sáyè rẹ̀, ó fi bẹ́líìtì sí i, ó sì sitáàtì. Mọ́tò dáhùn! Agbo ilé hó yèè.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni Ìyá Àgbà wí, ó ń yan kọjá lọ. Irọ́ ni o, kò mọ nǹkan kan!

Lọ́jọ́ kejì, a gun òkè Ọ̀kà láìsí wàhálà. Nígbà tí wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ Àǹtí Rábì lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ, Bàbá jókòó sínú mọ́tò, kò pa ẹ́ńjìnì. Àwọn àna ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹ̀rù ń bà á pé bó bá pa á, kò ní dáhùn mọ́. Nígbà tí à ń padà bọ̀, Màmá bi í léèrè ìdí tí kò fi pa ẹ́ńjìnì. Ó ní, "Mo fẹ́ kí Rábì máa gbọ́ mi títí á fi wọlé."

Bàbá ti lọ, Ìyá Àgbà ti ṣáájú rẹ̀ lọ, Àǹtí Rábì náà ti di ìyá àgbà ní Ọ̀kà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń yẹ mọ́tò wò báyìí, ta ló tún ń tú u lábẹ́ igi máńgòrò? Àárò wọn ń sọ mí, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gbé ọmọ ilé wa lọ sílé ọkọ, ẹni tó bá wa mọ́tò kì í pa ẹ́ńjìnì títí ìyàwó á fi wọlé. Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ wa ní ìdí rẹ̀, wọn ò mọ̀. Wọ́n á ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn.