Búlọ́ọ̀kù Mẹ́ta Tó Wọ Ọkọ̀ Ojú Irin Lọ sí Ìkẹjà

Ìrì ṣì ń sẹ̀ nígbà tí mo kúrò ní Abúlé Oníyanrìn, lẹ́yìn Abẹ́òkúta, èmi àti búlọ́ọ̀kù mẹ́ta. Ìdòwú, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ mi, ti di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú àpò, ó fi fóòmù àtijọ́ wé wọn bí ẹni wé ọmọ tuntun. Bó ṣe gbé wọn sẹ́yìn takisí, ó ní wọn ò lè dójú tì mí láéláé. Mo rò pé àdúrà ló ń ṣe, mo ṣe àmín.

Kí ẹ tó bi mí ohun tí opó ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ń gbé búlọ́ọ̀kù lọ ṣe ní Ìkẹjà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alájà mẹ́ta sí ìtòsí wa. Akítẹ́ẹ̀tì tó ya àwòrán rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀, ti wá sí ọgbà tí mo ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, iṣẹ́ mi sì wù ú. Ṣùgbọ́n òfin ilé kíkọ́ ti le báyìí. Ẹni tó ya ilé gbọ́dọ̀ buwọ́ lu orúkọ ẹni tó ṣe búlọ́ọ̀kù, ẹni tó ṣe búlọ́ọ̀kù náà sì gbọ́dọ̀ ní ìwé pé ẹ̀rọ ti dán an wò. Bí mi ò bá rí ìwé gbà, ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó ló máa gba iṣẹ́ náà, mi ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn tó lè gbé ọgbà tí ọkọ mi fi sílẹ̀ ró lọ́dún yìí. Èèyàn méje ló ń jẹun nínú ọgbà yẹn. Mi ò ní purọ́, inú ń bí mi sí òfin náà. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, ilé kan ò wó rí. Kí ni ẹ̀rọ tún fẹ́ kọ́ mi?

Ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin l'Abẹ́òkúta, ẹni tó fi bárò tì wọ́n wọlé gba ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ mi, ó ní ká ní òun mọ ohun tó wà nínú àpò ni, òun ì bá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ẹrù ló gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ ayẹ̀wò kọjá. Ọkùnrin tó jókòó tì í wo ẹ̀rọ, ó wò mí, ó tún wo ẹ̀rọ. Mo ní búlọ́ọ̀kù ni. Ó bi mí bóyá kò sí búlọ́ọ̀kù l'Ékòó. Mo ní ó wà, àmọ́ kì í ṣe tèmi. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo rà, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún wọn. Méjì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo gbé ẹsẹ̀ lé ìkẹta. Ìyá kan tó kọjú sí mi ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí àwọn náà lè máa wòta.

Ọkọ̀ yẹn mọ́, ó sì tutù débi pé mo fi gèlè bo èjìká. Kì í ṣe bíi ti mọ́tò tiwa tó ń dúró gbé ẹni tó bá nawọ́; bó o bá pẹ́, o pẹ́ nìyẹn. Nígbà tá a kọjá Pápáláńtò, mo tú àpò kan láti wò bóyá etí búlọ́ọ̀kù ti ya. Kò ya o. Ó dúdú minimini, ara rẹ̀ dán. Búlọ́ọ̀kù tí mò ń tà rí bí eérú, èèyàn sì lè fojú ka yanrìn ara rẹ̀.

Mo pe Ìdòwú lórí fóònù. Kò tilẹ̀ fi pamọ́. Ó ní, "Mà, mo fi símẹ́ńtì kún un dáadáa ni. Ṣé ohun tá à ń jẹ lójoojúmọ́ la máa gbé síwájú àlejò?"

Mi ò lè bínú sí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé nìyẹn: àlejò ló ń jẹ itan adìẹ, ọmọ onílé á máa fi ọbẹ̀ ra ẹnu. Ohun tó wá sọ́kàn mi lẹ́yìn ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Èmi pẹ̀lú èrò yẹn la jọ jókòó títí dé Agége.

Fúnmiláyọ̀ ti ń dúró dè mí. Tòun ti ṣòkòtò tó wọ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi lójú gbogbo èrò. Ó ra búrẹ́dì tó ṣì gbóná fún mi, ó ní kí n máa jẹ ẹ́ nínú mọ́tò. Láti ibẹ̀ dé Ìkẹjà, ilé iṣẹ́ ni lọ́tùn-ún lósì. Òórùn bísíkíìtì ń jáde níbì kan, a rìn díẹ̀, ti ọṣẹ gbà á. Ní ọ̀dọ̀ wa, o mọ ẹni tó ṣe àga tó o jókòó lé. Níhìn-ín, ògiri gígùn lo máa rí. Mo sọ fún Fúnmiláyọ̀ pé ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń béèrè ìwé.

Ó ní, "Mà, bí ilé yẹn bá dúró, ẹ̀yin àtèmi la kọ́ ọ. Bó bá wó, orúkọ àwa méjèèjì ni wọ́n máa pè."

Mo wé búrẹ́dì tó kù, mo fi í sínú báàgì mi.

Ẹ̀rọ tó wà nílé ìdánwò ga tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Ojú kan bí aago wà lára rẹ̀, wọ́n fa ìlà pupa sí i. Wọ́n á ki búlọ́ọ̀kù sí i láàárín, irin á máa tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Ọwọ́ aago gbọ́dọ̀ kọjá ìlà pupa kí búlọ́ọ̀kù tó sán. Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí tó ń darí rẹ̀ gbé àkọ́kọ́ sí i, ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì.

Mo ní, "Ẹ dúró ná, sà. Èyí kọ́ ni mò ń tà. Búlọ́ọ̀kù àlejò ni."

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn gbé e kúrò, ó ní bí kò bá sí èyí tí wọ́n mú láti inú ọjà títà, ó di ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ti pẹ́ jù, torí ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa yan ẹni tó máa gbé búlọ́ọ̀kù wá. Ojú tì mí. Fúnmiláyọ̀ wolẹ̀ títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín lójijì. Ó ní ká wọ mọ́tò.

Ọ́fíìsì wọn ní Àgídìngbì ló gbé mi lọ. Nígbà tó wá sọ́gbà mi, ó fọwọ́ ara rẹ̀ mú búlọ́ọ̀kù mẹ́ta láti inú èyí tá a tò fún oníbàárà, ó kọ déètì sí wọn, ó buwọ́ lù wọ́n, ó ní òun fẹ́ fi han ọ̀gá òun. Mo ti gbàgbé. Orí wọn ni ẹ̀rọ omi mímu wọn dúró lé, omi rẹ̀ sì ń kán sí wọn lára. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta gbé ẹ̀rọ náà kúrò, àwọn tó fẹ́ mu omi dúró tòun ti ife lọ́wọ́. Ní Ìkẹjà, kúọ́rìn ni wọ́n ń pe ohun tí àwa ń pè ní fífún búlọ́ọ̀kù lómi mu kó lè le, tí ọkọ mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré: àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ méje gbáko. Àṣé wọ́n ṣì ń bá a lọ fún mi ní Àgídìngbì. Ìbuwọ́lù náà ṣì wà lára wọn ketekete.

Nígbà tá a kó wọn padà sílé ìdánwò, Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí yẹ ìbuwọ́lù wò, ó gbà á. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo di etí ìró mi mú. Ọwọ́ aago gòkè, ó dé ìlà pupa, ó kọjá, ó tún ń lọ, kó tó di pé búlọ́ọ̀kù sán bí igi gbígbẹ. Ìkejì kọjá. Ìkẹta, èyí tí omi ń kán sí jù, ló lọ jìnnà jù lọ. Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí ní, "Ó yege, mà. Gbogbo ẹ̀."

Mo jó. Nínú eruku yẹn, pẹ̀lú bàtà mi lọ́wọ́, mo jó, Fúnmiláyọ̀ sì bá mi jó. Inú mi dùn dé ibi tí omi fi bọ́ lójú mi. Ohun tí mo ti ń fẹnu sọ fún ogún ọdún, òfin tó ń bí mi nínú ló bá mi kọ ọ́ sínú ìwé, orúkọ mi lókè, orúkọ ọgbà wa nísàlẹ̀. Kó tó di pé mo wọ ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́, Fúnmiláyọ̀ ti buwọ́ lu orúkọ mi fún iṣẹ́ náà.

Àwọn búlọ́ọ̀kù àlejò bá mi padà sílé, wọ́n tún jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìdòwú ń dúró lẹ́nu géètì. Nígbà tó rí àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Mo fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, mo jẹ́ kó kà á tán, mo wá sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ojoojúmọ́ ló gbà á. Mo ní ọmọ tó máa jókòó sábẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn kì í ṣe àlejò.

A to búlọ́ọ̀kù mẹ́ta yẹn sẹ́nu géètì. Títí di òní, bí oníbàárà bá dé, orí wọn la máa ń ní kó jókòó sí, nígbà tí Ìdòwú bá ń lọ kó èyí tá à ń tà wá fún un.