Bí Mo Ṣe Túmọ̀ Sinimá Àwọn Awakùsà

Lọ́dún tí mo di tíṣà ní Ṣakí, ọkọ̀ sinimá ìjọba wá sí ilé ìwé wa. Ọ̀sán gangan ni, a fi ẹní dí gbogbo fèrèsé kí inú gbọ̀ngàn lè ṣókùnkùn. Àwọn àgbẹ̀ tábà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bàbá mi jókòó síwájú pátápátá, wọ́n ń yangàn, nítorí ọmọ wọn ni yóò túmọ̀ èdè òyìnbó.

Ọ̀rọ̀ àwọn awakùsà aláwọ̀ dúdú ní Gúúsù Áfíríkà ni. Ilẹ̀kùn tiwọn ọ̀tọ̀, ti òyìnbó ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, owó òyìnbó sì ju tiwọn lọ fíìfíì. Nígbà tó sú wọn, wọ́n jókòó, wọ́n ní àwọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Bàbá mi pariwo nínú òkùnkùn pé, "Bí wọ́n ṣe ń ṣe wá nídìí òṣùwọ̀n náà nìyẹn!" Gbogbo ilé hó yèè. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ tábà bá ń wọn ewé láti rà, inú oòrùn làwọn àgbẹ̀ ń tò sí pẹ̀lú ẹrù ewé wọn. Ẹni tó ń yẹ ewé wò á jókòó sábẹ́ fáànù, á fọwọ́ tọ́ ọ, á ní kò dára, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Níparí, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú sinimá ní wọ́n lé gbogbo awakùsà náà dànù, wọ́n kó ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ṣùgbọ́n bàbá mi ń wo ẹnu mi, ojú wọn ń dán. Mo ní, "Àwọn ọ̀gá bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fi kún owó wọn." A rí àwọn èèyàn náà tí wọ́n ń kó ẹrù wọnú ọkọ̀. Mo ní ìsinmi ni wọ́n ń lọ. Àwọn àgbẹ̀ pàtẹ́wọ́ títí.

Nígbà tí àkókò títa ewé dé, wọ́n mulẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé tábà lọ àfi tí iye rẹ̀ bá gbé pẹ́ẹ́lí. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì táwọn kan fi ń gba ẹ̀yìnkùlé gbé tiwọn lọ. Àwọn ará Tẹ̀dé náà ń kó tiwọn wá. Mo bẹ bàbá mi pé kí wọ́n gbé tiwọn lọ.

"Èmi ti mulẹ̀," ni wọ́n wí. "Ṣebí ìwọ náà lo sọ pé àwọn ọ̀gá bẹ àwọn awakùsà? Wọ́n á bẹ àwa náà."

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ìtìjú ò jẹ́. Ọyẹ́ dé, ewé gbẹ nínú àká, ó ń rún wómúwómú.

Nígbà tí bàbá mi wá gbé e lọ, ẹni tó ń yẹ ewé wò kò tilẹ̀ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kì í ṣe òyìnbó o. Ọmọ àdúgbò wa ni, mo tilẹ̀ jù ú lọ. Ó ní kí wọ́n lọ dà á nù.

Bàbá mi ò bá mi wí rárá, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi gbé ewé dé ìdí òṣùwọ̀n. Ọmọkùnrin náà dá iye tó wù ú lé e. Bàbá mi ṣí fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá."