Dídákẹ́ Mi Lórí Igi Fúrúùtù

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má fi kún un.

Iṣẹ́ igi ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Kì í ṣe igi pákó o. Igi tó dúró lẹ́yìnkùlé èèyàn ni mò ń wí. Bí ẹ̀ka bá ti gun orí páànù, tàbí tó bá ń fọwọ́ kan wáyà iná, wọ́n á ní kí wọ́n lọ pè mí wá. Mo ti gun igi láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Ìkòyí. Mi ò lọ iléèwé fún un. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kọ́ mi: okùn kan, àdá kan, ayùn ọwọ́ kan. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu òun náà. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí igi ò ní gbọ́ nígbà tí ẹ̀ka bá ń ya.

Igi fúrúùtù kan wà láàárín agbo ilé wa. Àwọn ọmọdé máa ń ṣa èso ẹ̀, wọ́n á fi òkúta fọ́ kóró ẹ̀ jẹ. Abẹ́ ẹ̀ la ti ń ṣe àlùwàlá. Bí kò bá síná, abẹ́ ẹ̀ la ti ń gba atẹ́gùn. Bàbá mi ló gbìn ín, èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ìjì kan jà, ó wó igi lu mọ́tò lọ́nà Igbosere. Látọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n nínú ilé. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ló ń darí ìpàdé ẹbí. Ọ̀dọ̀ lọ́yà ló ti ń ṣiṣẹ́, ó fẹ́ràn ìwé. Yàrá tí òun, ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀ ń sùn ló sún mọ́ igi náà jù. Ó ní ògiri yàrá yẹn ti sán, pé gbòǹgbò igi ló ṣe é, ká gé e kúrò.

Wọ́n pe mítìn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Èmi ò sọ nǹkan kan. Ohun tí mò ń rò lọ́kàn ni pé, ta ló máa gé igi nínú ilé tí mo wà láì bi mí? Mo dìde, mo wọlé lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án ẹ̀, Sátidé, mò ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀, mo gbọ́ ayùn ẹlẹ́ńjìnnì láàárín agbo ilé. Mo jáde. Ọkùnrin mẹ́ta, àkàbà kan. Mo gbé àga mi lọ sídìí igi, mo jókòó.

Ọmọ àbúrò mi ní, “Bàbá, ẹ dìde níbẹ̀. Gbogbo wa la jọ fẹnu kò sí i.”

“Kí lèmi sọ?”

“Ẹ ò sọ nǹkan kan. Ẹ dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́ ti gbà. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mítìn.”

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ti dolóògbé ń di ẹrù ata tó ń gbé lọ sí ọjà Sandgrouse. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Bí wọ́n ṣe ń so yìgì náà nìyẹn. Wọ́n á bi omidan bóyá ó fẹ́. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ti gbà. Ọkọ mi, wọ́n ti fi yín fọ́kọ.”

Àwọn oníṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

“Èmi kì í ṣe omidan,” mo ní. “Bó o bá fẹ́ mọ tinú mi, bi mí.”

“Ó dáa, mo bi yín. Ṣé ká gé e?”

“Rárá.”

“Ṣùgbọ́n ìwé ti—”

“Mi ò mọ̀wé. Ka ibi tí mo ti sọ pé kẹ́ ẹ gé e sí mi létí.”

Ó ṣí fóònù ẹ̀ tó kọ ìwé mítìn sí, ó wá a títí, ó dá fóònù padà sápò.

Ọ̀gá àwọn oníṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan báyìí, ló wá bẹ̀ mí. “Bàbá, igi yìí ti dàgbà. Inú ẹ̀ á ti jẹrà.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“A máa ń mọ̀, sà.”

Mo na àdá mi sí i. Mo ní kó fi ẹ̀yìn ẹ̀ kan igi náà yí po. Ó kàn án yí po. Igi tó bá ti jẹrà nínú á dún bíi korobá òfìfo. Èyí ń dún kì, kì, bí ìgbà téèyàn ń kan òkúta. Ó dá àdá padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjì. Mo mú gbogbo wọn lọ sẹ́yìn ògiri tó sán. Páìpù ló ń jò níbẹ̀, omi ti fọ yẹ̀pẹ̀ abẹ́ ògiri lọ. Wọ́n wá gbòǹgbò, wọn ò rí i.

“Púlọ́ńbà ló yẹ kẹ́ ẹ pè,” mo ní.

Mi ò ní purọ́, ẹ̀ka kan wà tó wúwo jù, tó na ara ẹ̀ sórí páànù. Èmi ni mo jẹ̀bi ìyẹn. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n gun igi mọ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíì gùn ún. Mo ní kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà yẹn gùn ún. Ó fẹ́ bẹ́ igi lórí kanlẹ̀, mo kọ̀. Igi tí wọ́n bá bẹ́ lórí á hu ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí ò lágbára, àwọn yẹn ni ìjì ń já. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀ka yẹn látòkè, mo tún kọ̀.

“Kọ́kọ́ ké e díẹ̀ nísàlẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bó bá ń já bọ̀, á fa èèpo igi ya títí dé ìdí.”

“Bàbá, ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń ṣiṣẹ́ yìí, èmi kàn gun igi ni.”

“Má gé wọ ibi tó wú yẹn, níbi tí ẹ̀ka ti jáde. Ibẹ̀ ni igi fi ń di ojú ọgbẹ́.”

Wọ́n fi okùn sọ ẹ̀ka náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Páànù kan ò ṣẹ́ po. Ọmọ àbúrò mi ò tíì gbà. Ó ní bí igi bá wó lu yàrá òun lọ́la, orí ta ni ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ òun máa wà?

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Mi ò bá a jà sí i. Mo ní kó kó ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀ lọ sí yàrá mi níwájú, kí èmi kó lọ sí yàrá tiwọn lábẹ́ igi.

“Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí ò tó bẹ́ẹ̀.”

“Ó tó bẹ́ẹ̀. Gbé orí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kí èmi gbé ẹsẹ̀ ẹ̀.”

Kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrì, a ti pààrọ̀ yàrá.

Òjò ti rọ̀ látìgbà náà, ìjì ti jà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìjì bá ti dá, ọmọ àbúrò mi á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, á máa wo òkè igi. “Bàbá, ṣé ẹ wà?”

“Mo wà. Ilẹ̀kùn ò tì. Wọlé wá jókòó.”

Látọjọ́ tá a ti pààrọ̀ yàrá, kò tíì wọlé.