Aṣọ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Dí Ihò Ọkọ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó ń jẹ kúlíkúlí, kó rọra rún un. Ọ̀rọ̀ yìí kò fẹ́ ariwo.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí. Sabon Gari ní Kano níbí ló bí i sí, níbi tí à ń ra omi lọ́wọ́ mai ruwa, síbẹ̀ ọmọ yìí ló di ẹni tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun gbé èrò lórí òkun. Ìyàwó rẹ̀ wá bímọ sí erékùṣù kan ní ọ̀kánkán Dakar. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọwọ́ òun fúnra òun ni òun yóò fi gbé ọmọ náà, tí òun yóò fi sọ ọ́ lórúkọ, pẹ̀lú omi àdúrà láti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo sìn ín lọ. Dakar la ti wọ ọkọ̀ ọmọ rẹ̀.

Kí a tó ṣí, ìjì dé. Ìgbì ń fo ògiri èbúté.

"Ìwọ ọ̀gá òkun!" ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. "Atẹ́gùn lásán ló ń lé ọ wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì?"

"Haba, Mama! Atẹ́gùn ló ń gbé ọkọ̀ yìí rìn, òun náà ló ń mú un rì. Sai hakuri. Ẹ ṣe sùúrù."

Nígbà tó di òwúrọ̀, eruku ti bo ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fìka nù ún, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, wá wo nǹkan! Ọyẹ́ Kano tẹ̀lé wa dé ibí!"

Ẹ ṣáà mọ ohun tí à ń ṣe sí ọyẹ́ nílé: aṣọ la fi ń dí ojú fèrèsé. Èmi àti ọmọ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lọ de okùn ọkọ̀ le sí i. A fi òun nìkan sínú yàrá ìsàlẹ̀, níbi tó ti ń se tíì lórí gáàsì.

Nígbà tí a padà dé, ilẹ̀kùn kò ṣí. A pè é títí, kò dáhùn. Ọmọ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn, ooru gbá wa lójú. Ìró aṣọ ló wà nínú gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Iná gáàsì ń jó, ó ti fa afẹ́fẹ́ yàrá náà tán. Ẹ̀gbọ́n mi sùn gbalaja sílẹ̀, ojú rẹ̀ bí eérú, ó di ìgò omi àdúrà mọ́ àyà.

Mo dúró bí òpó. Ọmọ rẹ̀ ló wọ́ ọ jáde sínú atẹ́gùn tí a ti ń ṣépè fún láti ìgbà tí a ti dé. Atẹ́gùn náà fẹ́ sí i nímú, ó fẹ́, ó fẹ́, àfi bó ṣe húkọ́.

"Ta ló ṣílẹ̀kùn?" ló kọ́kọ́ sọ. "Eruku á wọlé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ìjì rọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi na ìgò omi náà sí ọmọ rẹ̀ láti orí èbúté.

"Mama, abeg, a ó ṣí gbogbo ihò sílẹ̀."

"Máa lọ, ọmọ mi. N kò wọ ihò yẹn mọ́ láéláé."

Orí fóònù ló ti sọ ọmọ náà lórúkọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò kàn án títí tó fi papòdà.

Láti ìgbà náà, bí ọyẹ́ ti wù kó le tó, fèrèsé rẹ̀ á ṣí sílẹ̀ gbayawu, eruku á bo ibùsùn. Orí ibùsùn yẹn ló sùn sí, tí kò jí mọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ jogún orúkọ tó sọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ jogún ṣọ́ọ̀bù tó ń tajà nínú rẹ̀ níbí. Èmi gba ọ̀kan nínú ìró tí a fà yọ kúrò nínú ihò. Mo ta á sójú fèrèsé mi. Atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ wọlé, ó ń fẹ́ ẹ jáde.